Kí ni Buster Keaton ń wá nínú fíìmù tí wọ́n fi polówó ilé ní ọdún 1961?

Àwọn tí ó mọ Buster Keaton mọ̀ ọ́n sí ọ̀dọ́mọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín, tí ó dé àkẹtẹ̀ pẹlẹbẹ, tí ó ń sá fún ọ̀wọ́ àwọn ọlọ́pàá tàbí tí ó ń já bọ́ láti orí òrùlé nínú àwọn fíìmù aláìlóhùn tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà kí ọdún 1930 tó dé. Nígbà tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ bá wá ṣalábàápàdé The Home Owner, ọ̀rọ̀ náà a máa rú wọn lójú. Fíìmù kékeré kan ni, ọdún 1961 ni ó jáde, akọ́lé-tà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ John F. Long ni ó sì sanwó rẹ̀, kí àwọn ènìyàn lè wá ra ilé ní Maryvale, àdúgbò tuntun tí ó ń kọ́ sí apá ìwọ̀-oòrùn ìlú Phoenix ní ìpínlẹ̀ Arizona. Keaton tí a rí nínú rẹ̀ ti di ẹni ọdún 65.

Àwọn kan a rò pé fíìmù àtijọ́ tí ó ti sọnù ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Àwọn mìíràn a gbà pé ìpolówó orí tẹlifíṣọ̀n lásán ni, irú èyí tí kì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú kan lọ. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù, tí ó sì máa ń bí mi nínú díẹ̀, ni ti àwọn tí ó ń káàánú rẹ̀, tí wọ́n ń sọ pé ìyà ni ó jẹ ẹ́ tí àgbà aláwàdà fi di ẹni tí ń bá oníṣòwò ilé polówó. Kò sí ọ̀kan tí ó tọ̀nà nínú gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ṣòro láti rí ìdí rẹ̀ bí a bá mọ irú iṣẹ́ tí fíìmù náà jẹ́, tí a sì mọ ibi tí ìgbésí ayé Keaton dé ní ọdún náà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa irú fíìmù náà. Ní Amẹ́ríkà, yàtọ̀ sí sinimá tí ènìyàn ń ra tíkẹ́ẹ̀tì láti wò, òwò fíìmù mìíràn wà tí ó tóbi gidigidi ṣùgbọ́n tí àwọn òpìtàn kì í sábà mẹ́nu bà. Ilé-iṣẹ́, ẹgbẹ́ oníṣòwò tàbí ẹ̀ka ìjọba tí ó bá ní ohun kan tí ó fẹ́ kí aráyé mọ̀ ni yóò san gbogbo owó tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà, tí yóò sì jẹ́ kí àwọn ènìyàn wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé-iṣẹ́ Jam Handy ní ìlú Detroit, fún àpẹẹrẹ, ṣe irú rẹ̀ púpọ̀ fún General Motors. Fíìmù tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 16 ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀ wọ́n sí, nítorí pé ó fúyẹ́ ju mìlímítà 35 tí àwọn ilé sinimá ń lò lọ, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe àfihàn rẹ̀ sì ṣeé gbé lọ sí ilé-ìwé, gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, ìpàdé ẹgbẹ́ tàbí ọ́fíìsì. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n dé, tí àwọn ilé-iṣẹ́ kan kò ní ohun tí ó tó láti fi dí wákàtí wọn, àwọn náà ń gba fíìmù wọ̀nyí nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. Nítorí náà ni irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ṣe lè gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí ìdajì wákàtí, tí ó lè ní ìtàn, tí ó lè ní òṣèré olókìkí, síbẹ̀ tí ó jẹ́ pé ọjà ni ó ń tà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Kò sí ẹni tí ó ronú pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò pẹ́ láyé. Nígbà tí ọjà náà bá ti kúrò lóde, inú pàǹtírí ni fíìmù rẹ̀ ń lọ. Ní àwọn ọdún 1980 ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Rick Prelinger bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ. Ní ọdún 2002 ni Library of Congress, tí í ṣe ilé ìkàwé àpapọ̀ Amẹ́ríkà, gba àkójọ rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ wò ó. Òfin náà tún ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ tí ó bá jáde kí ọdún 1964 tó dé kì í kọjá ọdún 28 àfi bí ẹni tí ó ni ín bá lọ tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ ni àwọn akọ́lé àti àwọn oníṣòwò ọṣẹ kò ní àkókò láti máa tún ẹ̀tọ́ fíìmù àtijọ́ ṣe. Bí ohun tí wọ́n ṣe fún ìrọ̀lẹ́ kan péré nínú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ṣe di ohun tí à ń wò lórí fóònù lónìí nìyẹn. Ẹni tí ó bá rí i láìmọ ìran tí ó ti wá kò jẹ̀bi bí ó bá ṣì í mú.

Àwọn ilé náà ńkọ́? Ní ọdún 1950, àwọn tí ń gbé inú Phoenix lé díẹ̀ ní 106,000. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1960, wọ́n ti lé ní 439,000. Àwọn kan ṣí wá láti ibòmíràn, àwọn mìíràn sì di ará ìlú níbi tí wọ́n wà nítorí pé ìlú náà ń fa ilẹ̀ àyíká mọ́ra, tí ìbú rẹ̀ fi kúrò ní máìlì 17 níbùú lóòró tí ó sì di 187 láàárín ọdún mẹ́wàá. Aṣálẹ̀ ni ibẹ̀. Ooru rẹ̀ a máa ju ìwọ̀n 40 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà bí kì í bá ṣe ti ẹ̀rọ amúlétutù, ta ni ìbá fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ lọ gbé ibẹ̀? Ìjọba àpapọ̀ náà dá kún un. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1944 fún àwọn ọmọ ogun tí ń ti Ogun Àgbáyé Kejì bọ̀ mú kí ìjọba dúró gẹ́gẹ́ bí onígbọ̀wọ́ fún ẹ̀yáwó tí wọ́n fẹ́ fi ra ilé, débi pé ọ̀pọ̀ nínú wọn lè wọlé láìkọ́kọ́ san owó kankan sílẹ̀, tí wọn yóò sì máa san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Long fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ bíbí Phoenix tí ó ti ṣiṣẹ́ ológun. Ní ọdún 1947, òun àti Mary ìyàwó rẹ̀ fi irú ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀ kọ́ ilé kan, wọ́n sì tà á kí wọ́n tó kó wọ inú rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni òwò ti wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tí ó di àárín àwọn ọdún 1950, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé lọ́pọ̀ yanturu sórí ilẹ̀ tí ó ti jẹ́ oko tẹ́lẹ̀, ó sì fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ sọ àdúgbò náà. Ilé alájà kan ni wọ́n, tí ó jọ ara wọn, tí wọ́n ń kọ́ bí ìgbà tí ilé-iṣẹ́ bá ń to mọ́tò: àwọn kan á gbẹ́ ìpìlẹ̀, wọn á sún síwájú, àwọn mìíràn á sì tẹ̀lé wọn pẹ̀lú igi òrùlé tí wọ́n ti kàn pọ̀ tẹ́lẹ̀. Òun nìkan kọ́ sì ni ó wà lọ́jà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1960, akọ́lé-tà mìíràn tí ń jẹ́ Del Webb ṣí Sun City, ìlú àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì, kò sì jìnnà sí ibẹ̀. Ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ni ó wá wo àwọn ilé àwòṣe rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá ní ojú kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ láti fi hàn ti gba iwájú.

Ohun kan wà tí àwọn fíìmù ìpolówó ilé ní àkókò náà kì í sọ, mo sì rò pé kò yẹ kí á fò ó. Àwọn ìdílé tí wọ́n máa ń fi hàn nínú wọn, aláwọ̀ funfun ni. Àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú náà ja ogun kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ìjọba àti àwọn báńkì gbà ń pín ẹ̀yáwó ilé ti ọ̀pọ̀ nínú wọn sẹ́yìn, wọn kò sì fi òfin de irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú títa ilé jákèjádò orílẹ̀-èdè náà títí di ọdún 1968. Lónìí, àwọn ìdílé tí orírun wọn jẹ́ Mẹ́síkò àti àwọn ilẹ̀ mìíràn ní Látìn Amẹ́ríkà ni ó pọ̀ jù ní Maryvale, èyí tí kò sí ẹni tí ìbá ti inú ìpolówó ọdún 1961 mọ̀.

Ó wá ku Keaton. Ọdún 1895 ni wọ́n bí i ní Piqua, abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Kansas, sínú ìdílé àwọn òṣèré tí ń ti ìlú dé ìlú ṣeré, bí àwọn alárìnjò tiwa. Kò tíì mọ ìwé kà dáadáa tí bàbá rẹ̀ ti ń jù ú kiri orí ìtàgé, ibẹ̀ ni ó sì ti kọ́ bí a ti í ṣubú láìfarapa, tí ó tún ṣàkíyèsí pé bí òun kò bá rẹ́rìn-ín ni àwọn òǹwòran ń rẹ́rìn-ín jù. Ní ọdún 1917 ó bọ́ sínú sinimá lọ́dọ̀ aláwàdà kan tí ń jẹ́ Roscoe Arbuckle. Láti ọdún 1920 ni ó ti ń darí iṣẹ́ tirẹ̀. Àṣìṣe ńlá rẹ̀ ni pé ó gbà ní ọdún 1928 láti di òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ sinimá ńlá MGM, níbi tí wọ́n ti gba àṣẹ lórí fíìmù rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbéyàwó rẹ̀ tú, ọtí gbà á lọ́kàn, MGM sì lé e ní ọdún 1933. Àwọn tí ń káàánú rẹ̀ kò parọ́ bí ó bá jẹ́ ọdún yẹn ni wọ́n ń sọ.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í ni pé wọ́n dá ìtàn náà dúró síbẹ̀. Ní ọdún 1940 ó fẹ́ Eleanor Norris, wọ́n sì wà papọ̀ títí ó fi kú. Ó ń bá àwọn ẹlòmíràn hun àwàdà. Ní ọdún 1947 ó lọ ṣeré ní Cirque Medrano, ilé eré sákọ́ọ̀sì kan ní Paris. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n dé, ó wọ inú rẹ̀ láìfòyà ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi imú ṣe é. Ẹni tí ó bá jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1950 kò lè ṣe kí ó má rí i, bóyá nínú eré, bóyá nínú ìpolówó oògùn inú rírun. Ní ọdún 1957, ilé-iṣẹ́ Paramount ṣe fíìmù kan nípa ìgbésí ayé rẹ̀. Fíìmù náà kò dára, kò sì bá òtítọ́ mu, ṣùgbọ́n wọ́n san 50,000 dọ́là fún un. Kí ni ó fi ra? Ilé. Ilé kan ní Woodland Hills, ní ẹ̀yìn odi Los Angeles, pẹ̀lú àgbàlá tí ó ń sin adìyẹ sí, tí ó sì to ojú irin kékeré yí ká, kí ọkọ̀ ojú irin ìṣeré lè máa gbé oúnjẹ lọ bá àwọn àlejò. Ní ọdún 1960 wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Oscar ọlọ́lá. Nítorí náà, ọkùnrin tí Long bẹ̀ lọ́wẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀lé e kì í ṣe ẹni tí wọ́n ṣà láti ẹ̀bá títì. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́ onílé ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, tí ó fi owó fíìmù ra tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú kí fíìmù yìí wù mí láti sọ̀rọ̀ lé lórí jinlẹ̀ ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Kò sí aláwàdà tí ilé tíì fi ojú rẹ̀ rí màbo tó Keaton. Fíìmù àkọ́kọ́ tí ó jáde lábẹ́ orúkọ tirẹ̀, One Week, ní ọdún 1920, ìtàn ọkọ àti ìyàwó tuntun ni, tí wọ́n ta lọ́rẹ ilé tí a pín sínú àpótí, tí oníkálukú àpótí ní nọ́ńbà, tí ènìyàn yóò kàn tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Ọkùnrin kan tí ó ti fẹ́ ìyàwó náà tì lọ yí nọ́ńbà padà. Ilé tí wọ́n wá kọ́ wọ́ wíwọ́ tí kò ṣeé fẹnu sọ: ilẹ̀kùn wà lókè tí kò lọ síbi kankan, òrùlé kò bo ilé tán, ògiri tẹ̀. Ìjì dé ní ọjọ́ tí wọ́n pe àlejò, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì bí òkòtó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ fún wọn pé orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ sí. Wọ́n ń fà á lọ, ó há sórí ojú irin, ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀, tọkọtaya bo ojú, ọkọ̀ náà sì gba ojú irin kejì kọjá. Bí wọ́n ṣe ń mí kanlẹ̀ ni òmíràn ti apá kejì dé, tí ó fọ́ ilé náà yángá. Keaton gbé pátákó tí a kọ "títà ni" sára àfọ́kù, ó fi ìwé ìlànà bí a ti ń tò ó mọ́ ọn, ó fa ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ẹ wò ó dáadáa: orísun àwàdà yẹn gan-an, fíìmù tí ilé-iṣẹ́ kan sanwó rẹ̀ ni. Ní ọdún 1919, ilé-iṣẹ́ mọ́tò Ford gbé fíìmù ẹ̀kọ́ kan jáde tí ń jẹ́ Home Made, láti fi yin ilé alátòpọ̀. Keaton mú ìgbéyàwó inú rẹ̀, ó mú mọ́tò Ford, ó mú ìwé kàlẹ́ńdà tí wọ́n ń ya lójoojúmọ́, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ di yẹ̀yẹ́. Ọdún 41 lẹ́yìn náà ni ó wá bọ́ sínú ohun tí ó ti fi ṣẹ̀fẹ̀.

Láàárín méjèèjì, ilé kò fi í lọ́rùn sílẹ̀. Nínú The Electric House, ọdún 1922, ó fi iná mànàmáná sínú ilé ọlọ́rọ̀ kan, pẹ̀lú àtẹ̀gùn tí ń rìn fúnra rẹ̀, adágún ìwẹ̀ tí omi rẹ̀ ń fà bí a bá fọwọ́ kan irin, àti ọkọ̀ ojú irin kékeré tí ń gbé oúnjẹ wá sórí tábìlì, títí tí ọ̀tá fi dojú wáyà rú, tí gbogbo rẹ̀ sì dìtẹ̀ mọ́ àwọn ará ilé. Àtẹ̀gùn yẹn ti kọ́kọ́ dá ẹsẹ̀ rẹ̀ ní tòótọ́ nígbà tí wọ́n ń ya á ní ọdún 1921. Nínú Steamboat Bill, Jr., ọdún 1928, odidi ògiri iwájú ilé wó lù ú nígbà ìjì, ó sì kọjá lára rẹ̀ nítorí pé ojú fèrèsé kékeré kan ṣe déédéé ibi tí ó dúró sí. Ògiri gidi ni, ó wúwo. Ká ní ó yẹ̀ díẹ̀, ìtàn yìí ìbá ti parí níbẹ̀.

Ìṣòro The Home Owner wá hàn kedere. Ohun èlò aláwàdà yìí ni nǹkan tí kò gbọ́ràn, ọjà ẹni tí ó sanwó sì ni nǹkan tí ń gbọ́ràn. Ẹni tí ó fẹ́ ta ilé fún ọ kò lè jẹ́ kí ògiri wó lójú rẹ, kò lè jẹ́ kí òrùlé ṣí, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn kò gbọdọ̀ há. Ara ọkùnrin náà nìkan ni ó ṣẹ́ kù fún ẹ̀rín: bí ó ṣe ń rìn, bí ó ṣe ń wò, bí ó ṣe ń ṣe nǹkan tí kò le lọ́nà tí ó le. Ẹni tí ó bá fi ojú One Week wò ó yóò bínú lásán. Èmi kò kà á mọ́ àwọn iṣẹ́ ńlá rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí ohun ìtìjú kankan níbẹ̀. Ó kàn jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ti de ọwọ́ òṣìṣẹ́ kan ni. Ó sì ṣàǹfààní pé kì í sábà sọ̀rọ̀ nínú irú iṣẹ́ ìgbẹ̀yìn wọ̀nyí. Àwọn kan rò pé ohùn ni kò ní, tàbí pé kò mọ̀ ju àṣà àtijọ́ lọ, nígbà tí ó jẹ́ pé ó ti ń sọ̀rọ̀ nínú fíìmù láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, pẹ̀lú ohùn kíkẹ̀ tí ó há díẹ̀. Ara rẹ̀ ni àwọn tí ó gbà á ń sanwó fún.

Àwọn agbátẹrù mìíràn rí ọgbọ́n dá sí ìṣòro náà. Ní ọdún 1963, Kodak gbà á fún The Triumph of Lester Snapwell, láti fi ta kámẹ́rà Instamatic. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n mú un padà sí ayé àtijọ́, tí ó ń bá àwọn kámẹ́rà tí ń lo àwo dígí àti ìyẹ̀fun amúnátàn jà láti ìran dé ìran, kí kámẹ́rà tuntun tó dé tí wàhálà fi tán. Gbogbo àìgbọ́ràn ni wọ́n dì lé ọjà àtijọ́ lórí. Ní Kánádà, National Film Board, ilé-iṣẹ́ fíìmù ti ìjọba, kò ní ọjà kan pàtó láti dáàbò bò, ilẹ̀ wọn nìkan ni wọ́n fẹ́ fi hàn, nítorí náà The Railrodder ti ọdún 1965, tí Gerald Potterton darí, gbé e sórí ọkọ̀ kékeré kan lórí ojú irin láti etíkun kan dé ìkejì, ó sì fún un láyè láti ṣe bí ó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Mo rò pé òun ni ó dára jù nínú gbogbo wọn.

Èyí tí ó kẹ́yìn tún dá a padà síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Ní òpin ọdún 1965, àwọn ẹgbẹ́ tí ń rí sí ààbò níbi iṣẹ́ ìkọ́lé ní ìpínlẹ̀ Ontario gbà á fún The Scribe, wọ́n sì ya á ní Toronto. Ó ń ṣe ìránṣẹ́ tí ń gbálẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn, tí ó sọ ara rẹ̀ di akọ̀ròyìn, tí ó lọ wo bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń pa òfin ààbò mọ́. Fún ìgbà kan, ewu gan-an ni agbátẹrù fẹ́ kí á rí: ẹni tí ó dúró síbi tí kò yẹ, ohun tí ó lè já bọ́ lórí, ẹni tí kò dé àkẹtẹ̀ líle. Keaton kú ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1966, fíìmù náà sì jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀.